Láptọ́ọ̀pù mi tó ti di ìgbín, ₦37,000 ni wọ́n fi bá mi sọ ọ́ dọ̀tun ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí, àti bí wọ́n ṣe fi SSD rọ́pò hard drive inú ẹ̀. Láptọ́ọ̀pù mi ò kú o, kò sì jóná, ó kàn falẹ̀ débi pé tí mo bá tẹ bọ́tìnì ẹ̀ láàárọ̀, màá rẹ gààrí, màá wá ṣúgà, màá wá ẹ̀pà, màá mu ún tán, màá fọ abọ́, tí mo bá padà débẹ̀ nǹkan róbótó yẹn ṣì ń yí lójú ẹ̀. Gààrí Ìjẹ̀bú la sì ń sọ o, èyí téèyàn kì í kánjú mu. Lọ́jọ́ kan mo fi fóònù ka àkókò ẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́fà àti ogójì sẹ́kọ́ǹdì ló gbà kí n tó lè tẹ nǹkan kan kó dá mi lóhùn.

Iṣẹ́ ojú kọ̀ǹpútà ni mò ń jẹ. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lọ́nà Ìjagun, kò jìnnà sí Tai Solarin, ibẹ̀ ni mo ti ń tẹ project fáwọn ọmọ iléèwé, mo ń ṣe ìwé ìpè ìgbéyàwó, prógíráàmù ìsìnkú, báńnà, gbogbo ẹ̀. Dell Latitude E6430 ni láptọ́ọ̀pù yẹn, tòkunbọ̀, ọdún kẹrin rèé tó ti wà lọ́wọ́ mi, ara ẹ̀ le bí irin, tó bá já bọ́ lórí tábìlì, ilẹ̀ ni wàá kọ́kọ́ wò bóyá ó ti sán. Hard drive 500GB ló bá dé, ìyẹn ibi tó ń kó gbogbo nǹkan pamọ́ sí. Nígbà tí mo rà á, ó ń sáré dáadáa, n ò lè parọ́ mọ́ ọn.

Ohun tó dùn mí jù ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí Iléyá ọdún 2025. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, kò sì sí régbérégbé tí ò fẹ́ kí tiwọn yọ, látorí aṣọ dórí fìlà dórí ẹṣin, títí kan ìwé pélébé tí wọ́n máa pín fún àlejò. Màmá kan wọlé, ó fẹ́ kí n bá ẹgbẹ́ wọn ṣe ìwé náà, igba ẹ̀dà, aláwọ̀ mèremère, ó ti kó fọ́tò gbogbo wọn wá nínú fláàṣì. Mo ki fláàṣì bọ̀ ọ́, mo ṣí CorelDRAW, sọ́fítíwíà tí mo fi ń ya iṣẹ́. A jókòó. Ó béèrè àwọn ọmọ mi, mo béèrè àwọn ọmọ tiẹ̀, a bú àwọn tó ń ta àgbò, a sọ̀rọ̀ oorun, a sọ̀rọ̀ òjò, CorelDRAW ò tíì ṣí. Màmá yẹn rọra dìde, ó fa fláàṣì ẹ̀ yọ, ó ní "Àǹtí kọ̀ǹpútà, mò ń bọ̀ o, ẹ jẹ́ n sáré débì kan." Mo mọ̀ pé kò bọ̀ mọ́. Òdìkejì títì ló gbà lọ, mo ń wò ó.

Kì í kúkú ṣe pé mo káwọ́ gbera látẹ̀yìnwá. Ẹni tó kọ́kọ́ bá mi wò ó ní vírọ́ọ̀sì ni, ó gba ₦6,000, ó pa gbogbo nǹkan inú ẹ̀ rẹ́, ó gbé Windows tuntun sí i, ó sáré fún ọ̀sẹ̀ méjì bí ẹni tó mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, lẹ́yìn náà ó padà síbi tó wà. Ẹnì kejì ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú, pé òun ní láptọ́ọ̀pù kan tó mọ́ kedere, ₦310,000 péré. Péré! Mo ní ẹ ṣé o, ẹ jẹ́ n délé ná.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní OOU ní Àgọ́-Ìwòyè ló wá lo wíkẹ́ǹdì lọ́dọ̀ mi tó là mí lójú. Kò ṣe oògùn kankan o. Ó kàn tẹ Ctrl, Shift, Esc lẹ́ẹ̀kan náà, tábìlì kan yọ sókè, ó ní "Àǹtí, ẹ wo ibí yìí ma." Níbi tí wọ́n kọ CPU sí, 7% ló wà. Níbi tí wọ́n kọ Disk sí, 100%, pupa yòò, kò sì sọ̀kalẹ̀. Ó ní ọpọlọ láptọ́ọ̀pù yìí ò níṣẹ́ tó ń ṣe, ó kàn jókòó tó ń retí ni, hard drive ló ń dá a dúró.

Ẹ jẹ́ n gbìyànjú láti sọ bó ṣe ṣàlàyé ẹ̀, torí òun ló jẹ́ kí owó tí mo ná yé mi. Ẹ rántí rẹ́kọ́ọ̀dù àwọn bàbá wa, èyí tó máa ń yí tí abẹ́rẹ́ á máa họ ọ́? Nǹkan tó sún mọ́ ọn ló wà nínú hard drive. Àwo ló ń yí níbẹ̀, tinú láptọ́ọ̀pù sábà máa ń yí ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan, apá tín-ín-rín kan sì wà tó ń sáré lọ sáré bọ̀ lórí ẹ̀ tó ń wá nǹkan kiri. Tí nǹkan tó ń wá bá tò tẹ̀ léra, kò burú. Àmọ́ nígbà tí Windows bá ń jí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké ló máa ń béèrè, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, gbogbo ẹ̀ sì ni apá yẹn gbọ́dọ̀ lọ bá níbi tó wà kó tún dúró kí àwo yí kàn án. Ṣe ló dà bí ọmọ tí wọ́n rán lọ sí Òkè-Ajé lọ́jọ́ ọjà, tó ra ata, tó gbé e wálé, tó tún padà lọ ra iyọ̀, tó gbé e wálé, tó tún padà lọ ra epo. Ọmọ náà ò ya ọ̀lẹ, ìrìn ló pọ̀ jù fún un.

Ó ní SSD ló yẹ kí n fi rọ́pò ẹ̀, torí ibi ìkópamọ́ ni òun náà, àmọ́ kò ní àwo, kò ní apá, nǹkan kan ò yí nínú ẹ̀. Chip ni, irú èyí tó wà nínú fóònù àti fláàṣì wa, èyí tí ọkùnrin ará Japan kan, Fujio Masuoka, ṣe jáde nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Toshiba láwọn ọdún 1980. Ibi tó bá fẹ́ lọ, ojú ẹsẹ̀ ló ti débẹ̀. Hard drive tó ń wá fáìlì kan lè lo mílísẹ́kọ́ǹdì mẹ́wàá sí ogún, SSD ò ní lo ìdá kan nínú mẹ́wàá mílísẹ́kọ́ǹdì kan ṣoṣo. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yẹn tún ń sọ ìtàn fún mi pé hard drive àkọ́kọ́ tí IBM ṣe lọ́dún 1956, àádọ́ta àwo ló wà nínú ẹ̀, àwo kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ọpọ́n àkàrà, gbogbo ẹ̀ ò sì gbà ju nǹkan bí 5MB lọ. Fídíò àwòpadà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp láàárọ̀ ò ní wọ inú ẹ̀ tán.

Ibi tí mo ti lọ ṣe é wá. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni, agbègbè Fọlágbadé, n ò gba àyè lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà kí n tó máa kọ èyí torí náà n ò ní dárúkọ ẹ̀. Mo gun kẹ̀kẹ́ wọ ìlú láàárọ̀ Sátidé, mo débẹ̀ ní aago mẹ́wàá bó ṣe sọ lórí fóònù. Aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú kó tó yọjú. Ó ní "Ẹ má bínú ma, ẹ má bínú, ọ̀kadà ló taku." Mo ti ń bínú. Àmọ́ ó sáré wá bẹ́ǹṣì fún mi, ó ra omi tútù, ó ń pè mí ní màmá, ọ̀rọ̀ wá rọ̀ nínú mi díẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ mú mi fọkàn tán an nìyí: kò sọ̀rọ̀ owó. Ó gbé sọ́fítíwíà kékeré kan sórí ẹ̀, CrystalDiskInfo ni wọ́n ń pè é, ọ̀fẹ́ ni, ẹ lè gbà á fúnra yín. Ó fi hàn mí. Hard drive mi ti ṣiṣẹ́ ju wákàtí 19,000 lọ, àwọ̀ ìyeyè ló wà níbi tó yẹ kí búlúù wà, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé Caution. Ó ní ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé àwọn ibì kan lórí àwo ti ń jẹrà, hard drive fúnra ẹ̀ ti ń kó nǹkan kúrò níbẹ̀ lọ sí ibòmíì. "Mummy, kì í ṣe pé ó kàn ń falẹ̀, ó ti ń lọ." Ọkàn mi já. Gbogbo ìwé tí mo tẹ̀ látọdún mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀, n ò sì ní ẹ̀dà kankan níbòmíì, ẹ má bú mi. Ẹni tó fi iná sórí òrùlé sùn ni mí látọjọ́ yìí.

Ohun kejì ni pé kò ta ohun tí láptọ́ọ̀pù mi ò lè lò fún mi. Mo ti gbọ́ nípa irú SSD kan tó dà bíi ṣingọ́ọ̀mù pélébé, NVMe, tó lè ka 3,500MB láàárín sẹ́kọ́ǹdì kan, mo sì ní ìyẹn ni kó bá mi fi sí i. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wá, tí a bá máa náwó ká ná an kó hàn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní láptọ́ọ̀pù yín ò ní ihò ẹ̀ ma, àwọn tó jáde lẹ́yìn ẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í ní in, èyí tó máa gbà ni irú SSD tí wọ́n ń pè ní SATA, 2.5 ínṣì, tó ṣe bí páálí káàdì, kò sì lè kọjá nǹkan bí 550MB ní sẹ́kọ́ǹdì kan. Ó ní ṣùgbọ́n ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára, torí iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe kì í ṣe ti fídíò ńláńlá, ìrìn lọ ìrìn bọ̀ yẹn ló ń pa yín, SATA náà á sì pa ìyẹn rẹ́. Ẹlòmíì á ta NVMe fún mi, tó bá délé tí kò wọ̀ ọ́ á ní kí n mú owó ìgbẹ́-ihò wá.

Iye ẹ̀ nígbà yẹn lọ́wọ́ ẹ̀: 128GB, ₦21,000. 256GB, ₦35,000. 512GB, ₦58,000. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, mo mọ̀, àmọ́ mo ṣì ná an. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ₦25,000, ó pariwo, mo dìde bí ẹni fẹ́ lọ, ó ní màmá ẹ padà, a jọ parí ẹ̀ sí ₦32,000 fún 256GB, ₦5,000 fún iṣẹ́ ọwọ́. N ò bá gba 128GB kí n dín in kù, àmọ́ ó ní kò ní pẹ́ kún, tí SSD bá sì kún dé ọrùn, òun náà á máa falẹ̀. Nǹkan kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹ má lọ pariwo olè lé ọmọ ọlọ́mọ lórí: tí ẹ bá dé ilé tí ẹ wò ó, 238GB ni Windows máa kọ fún yín, kì í ṣe 256. Wọn ò jí nǹkan kan. Àwọn tó ṣe é ń ka ẹgbẹ̀rún ní 1,000, Windows ń kà á ní 1,024, ibẹ̀ ni ìyókù gbà lọ.

Iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀. Ó ní ọ̀nà méjì ló wà, bóyá kí òun gbé Windows tuntun sórí SSD kí n wá máa to gbogbo sọ́fítíwíà mi padà lọ́kọ̀ọ̀kan, tàbí kí òun da gbogbo nǹkan tó wà nínú ti àtijọ́ kọ sínú tuntun bó ṣe wà gan-an, fọ́ńtì mi, CorelDRAW mi, páswọ́ọ̀dù mi, píríńtà mi, gbogbo ẹ̀. Mo ní ìkejì. Fọ́ńtì tí mo ti kó jọ láti ọdún mẹ́rin, ta ló fẹ́ máa wá wọn kiri? Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé nǹkan inú ẹ̀ jẹ́ 312GB, apẹ̀rẹ̀ tuntun sì kéré sí ti àtijọ́. Bí a ṣe jókòó tí mò ń pa fíìmù rẹ́ nìyẹn. Fíìmù Yorùbá tí mi ò tíì wò, sísìn méje eré Kòríà kan tí ọmọ mi gbé síbẹ̀, fọ́tò ìsìnkú tí mo gbé wọlé ní ìlọ́po mẹ́ta. Mo dín in kù di 190GB, ó gbà mí ní wákàtí kan, ìyẹn ni kí ẹ ṣe nílé kí ẹ tó lọ.

Ó ki SSD bọ inú páálí USB kan, ó so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dà á kọ. Nígbà tó dé 41%, wọ́n mú iná lọ. Ẹ̀yin èèyàn mi! Bátìrì mi ò lè dúró ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ó mọ̀, mo ti sọ fún un. Ọmọ yẹn fò jáde bí ẹni tí ejò lé, ó fa jẹnẹrétọ̀, kò jí, ó fà á, kò jí, ó yọ pọ́lọ̀ọ̀gì ẹ̀ ó fi aṣọ nù ún, èmi ń pe bátìrì fún un bí ẹni ń ka ìbò, "Méjìlá ló kù o! Mọ́kànlá ló kù o!" Ìgbà tó jí, 9% ló kù. Torí pé ibi tó jẹrà pọ̀ nínú ti àtijọ́, ó máa ń dé àwọn ibì kan á dúró á máa họ̀ ọ́, họ̀ ọ́, o máa gbọ́ ọ tí ń ṣe kẹ́kẹ́kẹ́. Wákàtí mẹ́ta ó dín díẹ̀ ni gbogbo ẹ̀. Mo ti jẹ ìkọ́kọrẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dùn, ewùrà gidi ni wọ́n fi sè é, kì í ṣe ti ayédèrú.

Fífi í sínú ẹ̀ gan-an ò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Síkúrù méjì lábẹ́, ó fa ti àtijọ́ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tú u kúrò nínú férémù ẹ̀, ó de tuntun mọ́ ọn, ó tì í wọlé. Ojú mi ló ṣe é, kò gbé e wọ ẹ̀yìn. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni gbé láptọ́ọ̀pù yín wọ yàrá ẹ̀yìn o.

Ó ní kí n tẹ ẹ́ fúnra mi. Mo tẹ ẹ́. N ò gbọ́ nǹkan kan. Hard drive máa ń kùn díẹ̀ tó bá ń jí, eléyìí dákẹ́ lọ bí ilé tí wọ́n ti sá jáde, mo ní "ó ti kú," ẹnu mi ò tíì pa dé, ojú Windows ti yọ. Sẹ́kọ́ǹdì mọ́kànlélógún. Mo ní kó pa á kí n tún un tẹ̀. Mọ́kànlélógún. Mo ṣí CorelDRAW, èyí tó máa ń gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ, sẹ́kọ́ǹdì mẹ́rìnlá. Ó wọn bó ṣe ń sáré fún mi, ti àtijọ́ ń ka 74MB ní sẹ́kọ́ǹdì kan, tuntun ń ka 518MB. Mo rẹ́rìn-ín débi tí ẹni tó ń ta káàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wá wo ohun tó ń ṣe wá.

Ohun tí kò yí padà ńkọ́? Íntánẹ́ẹ̀tì mi ò yára sí i, ó ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Píríńtà ò yára sí i. Báńnà ńlá tí mo bá ń gbé jáde láti CorelDRAW ṣì ń gba àkókò, ọpọlọ láptọ́ọ̀pù ni ìyẹn ń lò. RAM, ìyẹn ibi tí láptọ́ọ̀pù ń gbé iṣẹ́ tó bá ṣí sílẹ̀ sí, 4GB ni tèmi, tí mo bá ṣí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pọ̀ mọ́ Corel ó ṣì ń mí gúlegúle, àmọ́ kì í dákú mọ́. Mo ti wá fi 4GB míì kún un láti ìgbà yẹn. Tí ẹ bá lówó ẹyọ kan ṣoṣo lọ́wọ́, tí hard drive tó ń yí ló wà nínú tiyín, SSD ni kí ẹ kọ́kọ́ fi í ṣe, RAM lè tẹ̀ lé e. Bátìrì náà pẹ́ sí i díẹ̀, kò tó ohun tí mò ń pariwo lé lórí.

Ó wá ku ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Àkọ́kọ́, pípẹ́ tó pẹ́ yẹn. Èkejì, kò fún mi ní rísíìtì títí mo fi béèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìgbà tó sì kọ ọ́, oṣù kan péré ló fi ṣe gáráǹtì SSD tuntun. Oṣù kan kéré, àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe SSD tó lórúkọ sábà máa ń fún un ní ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Mo jà, ó sọ ọ́ di oṣù mẹ́ta. Ẹ̀kẹta, ó ní kí n fi hard drive àtijọ́ sílẹ̀ fún òun kó fi yọ ₦2,000 nínú owó mi. Mo ní rárá. Ṣé ẹ mọ nǹkan tó wà nínú ẹ̀? Nọ́ńbà NIN àwọn èèyàn, sàtífíkéètì, ìwé ilẹ̀, lẹ́tà ilé ẹjọ́ tí mo bá ẹnì kan tẹ̀. Nǹkan tí èèyàn pa rẹ́ lórí hard drive kì í lọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe lè hú u jáde. N ò rò ó pé ọmọ náà ní èrò burúkú, àmọ́ ọ̀rọ̀ àwọn kọ́sítọ́mà mi ò sí lọ́wọ́ mi láti fi tọrọ ₦2,000.

Ó wá ní kí òun fi ti àtijọ́ sí ibi tí DVD wà, pé férémù kan wà tí wọ́n ń fi ṣe é. Ọgbọ́n dáadáa ni, tó bá jẹ́ pé ara hard drive yín ṣì le, ẹ̀ẹ́ ní SSD fún Windows àti hard drive ńlá fún ìkópamọ́. Èmi ò lè ṣe é, torí tèmi ti ń kú lọ, torí àwọn ẹ̀ka kan níléèwé sì ṣì ń gba project sórí síìdì, inú DVD yẹn ni mo ti ń jẹun. Mo ra páálí USB yẹn fún ₦4,500 mo fi ti àtijọ́ sí i, mo kó nǹkan inú ẹ̀ jáde. Páálí àkọ́kọ́ ò ṣiṣẹ́, mo dá a padà lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó pààrọ̀ ẹ̀ láìjiyàn.

Nǹkan kan wà tó yẹ kó sọ fún mi tí kò sọ. Windows 10 ló wà lórí láptọ́ọ̀pù mi, Microsoft sì ti kéde tipẹ́ pé 14 October 2025 ni àwọn máa dáwọ́ àtìlẹ́yìn, ìyẹn àtúnṣe ààbò, dúró lórí ẹ̀. Windows 11 ò sì gba irú ọpọlọ tó wà nínú E6430, ti Intel gbọ́dọ̀ jẹ́ ìran kẹjọ sókè, tèmi jẹ́ ìran kẹta. SSD ò lè wo ìyẹn sàn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló padà ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, ó ní kí n má fi láptọ́ọ̀pù yẹn ṣe nǹkan báǹkì mọ́, kí n máa fi ṣiṣẹ́ ìwé nìkan, kí n sì ṣọ́ra fún fláàṣì àwọn ọmọ iléèwé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣe é. Ká ní mo mọ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo ṣì máa ṣe SSD yẹn, torí ₦37,000 kì í ṣe ₦310,000, àmọ́ ẹ̀tọ́ mi ni kí n mọ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta SSD tí wọ́n kọ 2TB sí lára ní ₦15,000. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ṣàgámù ra irú ẹ̀, ìgbà tó tú u, mẹ́mọ́rì káàdì kékeré kan ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀, wọ́n tún fi irin kan há a kó lè wúwo. Ó ń kọ 2TB lójú kọ̀ǹpútà o, àmọ́ bó ṣe ń gbé nǹkan sí i ló ń bo èyí tó wà níbẹ̀ mọ́lẹ̀. Sọ́fítíwíà kan wà, H2testw, òun ló máa kún un dé ẹnu kó tún kà á padà kó tó sọ òtítọ́ fún yín. Ẹ ṣe é lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á, kí owó tó tutù lọ́wọ́ ẹni tó tà á. Tí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ẹ wá san owó defrag, ìyẹn títo fáìlì tó fọ́n káàkiri jọ, fún SSD, ẹ dá a lóhùn pé kò sí àwo tí a fẹ́ tò nínú ẹ̀, ńṣe lẹ máa kàn fi lo ẹ̀mí ẹ̀ lásán. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nípa SSD ni pé kì í kùn kó tó kú, hard drive á máa ṣe kẹ́kẹ́kẹ́ kí o lè mọ̀, SSD lè lajú lónìí kó má là á lọ́la. Nítorí náà gbogbo alẹ́ Fúráìdè, mo ń da iṣẹ́ mi kọ sí ibì kejì. Ìyẹn ni mo fi ń sùn.

Ó ti lé lóṣù mẹ́fà báyìí, kò tíì yọ mí lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan. Tí wọ́n bá ní kí n fún ọmọkùnrin yẹn ní máàkì, mẹ́rin nínú márùn-ún, ọ̀kan tí mo yọ, idajì ẹ̀ jẹ́ ti aago mẹ́wàá tó di mọ́kànlá kọjá, idajì jẹ́ ti Windows tí kò sọ.

Tí ẹ bá máa lọ sírú ibẹ̀, ẹ gbé ṣájà yín dání, torí kò ní ti Dell lọ́jọ́ tí mo lọ, ẹ sì béèrè bóyá epo wà nínú jẹnẹrétọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Màmá régbérégbé yẹn padà wá lóṣù tó kọjá, ìwé ìpè ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀ ló gbé wá. Ó ti fa àga, ó ti gbé báàgì ka ẹsẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ pẹ́, mo ní "Màmá, ó ti ṣí o, ẹ mú fọ́tò wá."